Ohùn Tó Ń Pè Mí Bí Ṣúgà Ara Mi Bá Já Wálẹ̀

Ẹ̀yin tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé àtọ̀gbẹ ni, tí ẹ jókòó sórí bẹ́ńṣì ilé ìwòsàn pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, tí ẹ ò mọ ẹni tí ẹ máa kọ́kọ́ pè, ẹ̀yin ni mo ń kọ èyí sí. Èmi náà ti jókòó síbẹ̀ rí. Ràṣíìdì lorúkọ mi. Ọmọ Ṣakí ni mí, iṣẹ́ wẹ́dà ni mo ń ṣe ní Ìkòsì, géètì àti irin ojú fèrèsé ni mo sì mọ̀ ọ́n ṣe jù. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń bá àìsàn yìí gbé. Lẹ́yìn tí mo ti mọ̀ pé òun ni, ẹ̀ẹ̀mejì ló kù díẹ̀ kí n kú, kì í sì í ṣe àìsàn nìkan ló jẹ̀bi nínú méjèèjì.

Òùngbẹ ló kọ́kọ́ dé. Mo rò pé iná iṣẹ́ ni, torí ẹni tó bá ń jó irin látàárọ̀ gbọ́dọ̀ mu omi. Àmọ́ mo lè mu píọ́ wọ́tà mẹ́wàá kí ọ̀sán tó pọ́n, kí ìtọ̀ sì tún gbọ̀n mí kí n tó mu èyí tó wà lọ́wọ́ mi tán. Ṣòkòtò tó bá mi mu nígbà ọdún bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ nídìí mi, mo fi okùn dè é. Èyí tó jẹ́ kí n fura ni èèrà. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni àwa méjèèjì tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ti máa ń tọ̀, èmi àti Wàsíù, ọmọ Ìgbòho. Lọ́jọ́ kan, mo rí i pé èèrà tò lọ síbi tí mo tọ̀ sí, wọn ò sì yà sọ́dọ̀ ti Wàsíù rárá. Èmi kì í rí nǹkan kí n má fẹ́ mọ ìdí rẹ̀. Mo lóṣòó tì wọ́n, mo ń bi ara mi pé kí ni wọ́n rí nínú tèmi tí wọn ò rí nínú ti ẹnìkejì mi. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí àwọn ará ilé wa fi gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn, mò ń mí gúlegúle, ẹnu mi ń rùn bí èso tó ti ń bà jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìlà ibẹ̀ fún yín, kí ẹ lè múra sílẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n dá mi sílẹ̀, ọjọ́ Tuesday ni wọ́n ní kí n máa wá. Ẹni tó bá dé aago mẹ́fà àárọ̀ ti pẹ́. Àwọn kan á ti gbé bàtà wọn sórí bẹ́ńṣì láti di ààyè mú, wọ́n á lọ jókòó sábẹ́ igi. Àgbàlagbà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ìyá kan wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ta lo mú wá, ọmọ mi?" Mo ní èmi fúnra mi ni. Ó ní, "Ìwọ kékeré yìí? Mo rò pé tàwa àgbà ni." Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí nígbà náà, ìbéèrè ìyá yẹn sì dùn mí ju abẹ́rẹ́ lọ.

Dókítà tó rí mi ò fi ọ̀rọ̀ ńlá dá mi lágara. Ó ní nǹkan kan wà nínú ikùn wa tó ń ṣe omi kan tí wọ́n ń pè ní ínsúlínì. Òun ló ń ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà kó lè kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, kó wọ inú ara. Tèmi ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Kì í ṣe pé mo jẹ nǹkan dídùn jù, kì í sì í ṣe pé ẹnì kan ló ṣe mí. Abẹ́rẹ́ ni mo máa máa fi dí àyè rẹ̀ lójoojúmọ́. Mo bi í pé títí di ìgbà wo. Ó wojú mi, ó ní, "Títí láé ni."

Mo pe Màámi ní Ṣakí. Òrí ni ìyá mi ń ṣe tà níbẹ̀. Òfin ni wọ́n fi tọ́ wa: má fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, má súfèé lálẹ́, má dáhùn ìpè tí o kò bá rí ojú ẹni tó pè ọ́. Òfin Màámi kì í pẹ́ wọ èèyàn lára, kì í sì í tètè jáde. Ọjọ́ kejì ni wọ́n ti dé sí yàrá mi ní Kétu pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì àgbo méjì.

"Abẹ́rẹ́ títí láé?" ni wọ́n wí. "Ta ló gún ọ lábẹ́rẹ́ fún oṣù mẹ́sàn-án tí o fi wà nínú mi? Àjàní, dá a dúró fún ọjọ́ méje péré, kí àgbo ráyè ṣiṣẹ́ tiẹ̀."

Ẹ̀rù bà mí. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, èmi náà fẹ́ mọ̀. Bóyá dókítà ṣì mí wò. Mo gbé abẹ́rẹ́ tì, mo ń mu àgbo láàárọ̀ àti lálẹ́. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tún gbé mi padà sí ilé ìwòsàn, èyí sì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí n kò mọ ẹni tó dúró tì mí mọ́. Nígbà tí ojú mi là, Màámi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, gèlè wọn wà lórí itan wọn. Nọ́ọ̀sì sọ pé wọn kò jẹun láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé mi dé.

Wọ́n ní, "Mo jà kí n tó ní ọ, ìdí tí o fi ń jẹ́ Àjàní nìyẹn. N kò mọ̀ pé ìwọ gan-an ni mo tún ń bá jà." Wọ́n sunkún, mo sunkún. Nígbà tí a délé, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi da àgbo náà nù sínú gọ́tà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ẹni tó bá ní irú tèmi kò gbọ́dọ̀ dá ínsúlínì dúró nítorí ohunkóhun, ì báà jẹ́ àgbo, ì báà jẹ́ àdúrà, ì báà jẹ́ omijé ìyá. Ẹ gba àdúrà náà, kí ẹ sì gún abẹ́rẹ́ yín.

Màámi dúró tì mí fún oṣù méjì. Lásìkò yẹn, iná lè lọ ní àdúgbò wa fún ọjọ́ mẹ́ta, ínsúlínì ò sì fẹ́ ooru. Mo máa ń ra áìsì, mo máa ń fi ọ̀rá wé oògùn náà, ìgbà mìíràn á di dídì, á bà jẹ́. Màámi wò mí títí, wọ́n ní, "Ṣé ibi tútù nìkan lo ń wá?" Wọ́n lọ ra ìkòkò amọ̀ méjì, kékeré àti ńlá. Wọ́n ki kékeré bọ inú ńlá, wọ́n da yanrìn sáàárín méjèèjì, wọ́n fi omi rin ín, wọ́n fi aṣọ tútù bò ó lórí. Bí wọ́n ṣe ń mú kí omi tutù nílé wa nìyẹn. N kò gbà á gbọ́. Mo ra ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru, mo jù ú sínú rẹ̀, mo ń ṣí i wò ní wákàtí wákàtí. Inú ìkòkò tutù ju inú yàrá lọ dáadáa, kò sì di dídì. Mo pe Màámi ní injiníà, wọ́n ní kí n lọ bọmi sí yanrìn, ó ti ń gbẹ.

Orí ìlà Tuesday náà ni mo ti pàdé Àǹtí Bọ́lá. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa tún ẹ̀rọ tó ń pọ owó ní báńkì ṣe, ẹ́sítéètì kan ní Ìkòsì ni wọ́n ń gbé, láti ilé ìwé girama ni wọ́n sì ti ń gún ínsúlínì. Mo rí nǹkan róbótó kan lẹ́yìn apá wọn, kò ju ìdérí ìgò mínírà lọ. Ojú mi ò kúrò níbẹ̀.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Bi mí tán, kó o má baà fi ojú jẹ apá mi."

Wọ́n ṣàlàyé pé sẹ́ńsọ̀ ni. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun kan wà lábẹ́ rẹ̀ tó wọ inú awọ, òun ló ń mọ iye ṣúgà. Ọ̀sẹ̀ méjì ló ń lò kó tó kú. Àléébù rẹ̀ ni pé irú tí wọ́n ń rí rà nígbà náà kì í sọ̀rọ̀ àyàfi tí èèyàn bá gbé fóònù sún mọ́ ọn. Ẹni tó bá gún abẹ́rẹ́ tí kò jẹun tó, ṣúgà rẹ̀ á já wálẹ̀ jù, ó sì lè dákú. Bí ṣúgà bá ń já wálẹ̀ tí èèyàn ò rántí gbé fóònù sún mọ́ ọn, sẹ́ńsọ̀ á kàn máa wò ó níran. Èyí bí àwọn aláìsàn kan nínú káàkiri ayé. Àwọn fúnra wọn ló jókòó, tí wọ́n kọ́ àpótí kékeré kan tó ń jókòó lé sẹ́ńsọ̀ lórí, tó ń bi í léèrè ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, tó sì ń fi èsì ránṣẹ́ sí fóònù. Wọ́n kọ bí wọ́n ṣe ṣe é síta fún ẹni tó bá fẹ́. Àǹtí Bọ́lá fi irin ìlẹ̀mọ́ tí wọ́n fi ń jó wáyà pọ̀ kọ́ tiwọn lórí tábìlì ìjẹun. Wọ́n ti kọ́ fún ẹni mẹ́rin lẹ́yìn ara wọn, èmi sì ni ẹnì karùn-ún.

Mo bi wọ́n pé, "Aláìsàn ló ṣe é, kì í ṣe dókítà?"

"Ta ló mọ ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀?" ni èsì wọn.

Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ fi iṣẹ́ tèmi náà kún un. Ike tó bo àpótí náà kò wù mí, mo ní iná lè bà á. Mo fi irin pẹlẹbẹ ṣe ìdérí kan tó rẹwà, mo há a mọ́ apá mi, fóònù sì dákẹ́. Mo rò pé mo ti ba ẹ̀rọ jẹ́. Nígbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ Àǹtí Bọ́lá, wọ́n ṣí irin náà, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lójú ẹsẹ̀. Irin ló dí i lẹ́nu. Ìdérí ike ìpara ni mo padà lò, òun ló sì wà níbẹ̀ dòní.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi ara mi ṣe ìwádìí. Mo rí i pé gààrí tí mo fi omi mu máa ń gbé ṣúgà mi sókè kíákíá, ẹ̀wà sì máa ń rọra gùn ún bí arúgbó tó ń gun àkàsọ̀. Tí mo bá sùn lé apá tí sẹ́ńsọ̀ wà, á máa parọ́ pé ṣúgà ti tán. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi abẹ́rẹ́ ìka, èyí tó ń mú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ jáde fún àyẹ̀wò, yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó gbà á gbọ́, ẹ̀yin náà ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìṣòro kan ló kù. Bí ṣúgà bá lọ sílẹ̀, fóònù á ké pí-pí-pí. Ní ṣọ́ọ̀bù wa, ẹ̀rọ tó ń gé irin ń ké, jẹnẹrétọ̀ ń ké, ẹni tó ń ta káàdì ní iwájú wa ń ké. Ta ló máa gbọ́ pí-pí? Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ń gbọ̀n kí n tó mọ̀. Àǹtí Bọ́lá ní, "Kí ni etí ẹ ò lè ṣàìgbọ́ nínú ariwo?" Mo rò ó títí. Mo ní ohùn Màámi ni, tó bá ń fi oríkì pè mí. Láti oko dé ilé ni mo ti ń gbọ́ ọ.

Nígbà tí Màámi tún wá kí mi, wọn ò kọ́kọ́ gbà. "Ẹ fẹ́ tọ́jú ohùn mi sínú ẹ̀rọ bí ẹni tó ti kú?" Ṣùgbọ́n Àǹtí Bọ́lá fún wọn ní àga, wọ́n bẹ̀ wọ́n, Màámi sì gba ohùn náà sílẹ̀ kí wọ́n tó padà sí Ṣakí: "Àjàní o! Àjàní! Àjàní, fi nǹkan sẹ́nu!" Mo so fóònù mọ́ gbohùngbohùn kékeré kan, mo gbé e sórí tábìlì iṣẹ́, mo fi aṣọ bò ó nítorí ẹ̀tapàrà iná.

Ẹ ṣe àkíyèsí pé mo bò ó. Wàsíù ò mọ nǹkan kan. Ibà àti táífọ́ọ̀dù ni mo sọ fún un pé ó gbé mi dé ilé ìwòsàn. Ó rí ohun tó wà lápá mi, mo ní iná ló jó mi, mo sì fi nǹkan bo ojú egbò. Àwa wẹ́dà, iná ń jó wa lójoojúmọ́, kò bi mí lẹ́ẹ̀kejì. Mo ń bẹ̀rù pé tí wọ́n bá mọ̀, kò sẹ́ni tó máa tún fi iná lé ẹni tó lè dákú lọ́wọ́. Iṣẹ́ yìí nìkan ni mo mọ̀ ọ́n ṣe, òun ló sì ń ra ínsúlínì.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta tí mo gbé e síbẹ̀, kò tíì pè mí rí, à ń ṣe géètì fún oníbàárà kan ní Sangisa. Mo ti gún abẹ́rẹ́ oúnjẹ ọ̀sán, mo ní kí n kọ́kọ́ jó igun kan parí kí n tó jẹun. Wàsíù lọ ra irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń jó géètì pọ̀. Igun kan di méjì. Òógùn bò mí, mo rò pé oòrùn ni. Géètì iwájú mi di géètì méjì. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ọ.

"Àjàní o! Àjàní!"

Ohùn Màámi ni. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, n kò rí ẹnì kankan. Ẹni tí ṣúgà bá tán lára rẹ̀, ọpọlọ rẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ mọ́. N kò rántí ẹ̀rọ, n kò rántí àtọ̀gbẹ, n kò rántí Àǹtí Bọ́lá. Nǹkan kan ṣoṣo ló kù nínú orí mi, ohun tí wọ́n ti gbìn síbẹ̀ láti kékeré: Ṣakí ni Màámi wà, n kò rí ojú wọn, ohùn wọn sì ń pè mí. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu mi kí n má baà ṣèèṣì dáhùn. Ó tún pè. Mo dìde, mo ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, mo sá fún ohùn tó fẹ́ gbà mí là. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni mo wọ̀, mo jókòó ti ògiri.

Ohun tó kù, Wàsíù ló sọ ọ́ fún mi. Ó ní òun dé, òun ò bá ẹnì kankan, òun kàn ń gbọ́ ohùn Màámi tó ń jáde láti abẹ́ aṣọ. Ó mọ ohùn náà dáadáa, ó ti wá kí wọn nílé mi lọ́pọ̀ ìgbà. Òun náà, ọmọ Ìgbòho, òfin kan náà ni wọ́n fi tọ́ ọ. Ó dúró gbagidi, kò dáhùn, kò fọwọ́ kan aṣọ. Ó yọ fóònù tirẹ̀, ó pe Ṣakí.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ṣé Èkó lẹ wà ni àbí Ṣakí?"

"Ṣakí ni mo wà. Kí ló dé?"

"Mò ń gbọ́ ohùn yín níbí mà. Ẹ ń pe Àjàní, mi ò sì rí yín."

Bẹ́ẹ̀ ni ohùn abẹ́ aṣọ tún ké, Màámi sì gbọ́ ara wọn láti Ìkòsì. Wọ́n pariwo: "Wàsíù! Èmi kọ́, ẹ̀rọ ni! Ṣúgà ti tán lára ọmọ mi! Wá a rí, kó o fi nǹkan dídùn sí i lẹ́nu! Má jẹ̀ẹ́ kó sùn!"

Ó sáré kiri títí ó fi rí mi. Ó ní nígbà tóun dé ọ̀dọ̀ mi, mo di ọwọ́ òun mú, mo ní, "Wàsíù, má dáhùn o." Ó fi gúlúkóòsì tó rí nínú àpò mi pa mí nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́, ìgbà tí mo lè gbé nǹkan mì dáadáa ló tó fún mi ní mínírà díẹ̀díẹ̀. Ojú mi là. Fóònù rẹ̀ ṣì ń tàn, Màámi ṣì wà lórí rẹ̀, wọ́n ń ké pe Ọlọ́run.

Wàsíù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, inú ń bí i. "Ọdún méjì! Iná ló jó ẹ, àbí? Bí mi ò bá ní nọ́ńbà Màámi ńkọ́? Òkú ẹ ni mi ò bá bá lẹ́yìn ibí, màá sì máa rò pé iwin ló pè ẹ́ lọ." Ojú tì mí ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ.

Màámi tún wọkọ̀ wá sí Èkó. Nílé Àǹtí Bọ́lá, Màámi rẹ́rìn-ín, wọ́n sunkún, wọ́n ní, "Èmi tí mo kọ́ ọ pé kó o má dáhùn, èmi náà ni mo tún wá ń pè ọ́ láìfojú hàn." Mo ní ká pa òfin náà tì. Àǹtí Bọ́lá ní rárá, òfin tó ti wọ ara tó bẹ́ẹ̀ kì í jáde, ẹ̀rọ ni ká tún ṣe. Wọ́n ya fọ́tò Màámi, wọ́n ṣe é kó máa kún ojú fóònù pẹ̀lú iná nígbàkigbà tí ohùn náà bá ń pè, kí n lè rí ojú ẹni tó ń pè mí. Màámi sì gba ohùn mìíràn sílẹ̀: "Àjàní, èmi ìyá rẹ ni. Ojú mi rèé. Dáhùn, kó o jẹun." Fóònù ò sí lábẹ́ aṣọ mọ́, mo fi irin ṣe àga fún un lára ògiri, níbi tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù ti lè rí i. Bí a bá tẹ ojú Màámi, ó túmọ̀ sí pé a ti dáhùn, á dákẹ́.

Bí ara mi ṣe rí lónìí nìyí: ojú mi mọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ mi kò ní egbò, mo ṣì ń jó irin. Sẹ́ńsọ̀ wọ́n, àwọn oṣù kan wà tí n kì í lè rà á, abẹ́rẹ́ ìka ni mo máa ń lò nígbà náà. Bí ẹ kò bá lè ra nǹkan kan nínú ohun tí mo kà sílẹ̀, èyí tí kò ní owó nínú ni kí ẹ mú: ẹ sọ fún ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́. Wàsíù, ẹni tí mo ń bẹ̀rù pé á gba iná lọ́wọ́ mi, ló ń bi mí lójoojúmọ́ kí n tó tan iná pé, "Ṣé o ti jẹun?" Bí Màámi bá pè tí ọwọ́ mi dí, òun ló ń kọ́kọ́ ké láti ẹ̀yìn irin pé, "Mà! Ó ń bọ̀ mà!"

Nírọ̀lẹ́, bí mo bá ti palẹ̀ mọ́, Màámi gan-an á pè mí láti Ṣakí. Wọn kì í béèrè iṣẹ́, wọn kì í béèrè owó.

"Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo pè ọ́ lónìí?"

"Ẹ̀ẹ̀kan, mà."

"Ṣé o dáhùn?"

"Mo dáhùn, mà."